Ike kò wọ́n, ilẹ̀ ló wọ́n: ìrírí mi nídìí ọgbà orí sìmẹ́ńtì

Gbogbo ẹni tó bá wọ àgbàlá wa ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, ike ni ojú wọn máa ń kọ́kọ́ bà lé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, kẹ́ẹ̀gì òróró tí mo gé lórí, àpò ìrẹsì, àpò sìmẹ́ńtì, táyà, bàsíà tó ti jò, gbogbo wọn tò lọ bẹẹrẹ pẹ̀lú ewé tútù lórí. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ń rí ike tó pọ̀ tó báyìí?" Ike kò ṣòro rí. Ẹni tó bá ń kọ́lé ládùúgbò yín á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹ bá bá a kó àpò sìmẹ́ńtì rẹ̀ kúrò nílẹ̀, àwọn tó ń kun ilé á sì ta bọ́kẹ́ẹ̀tì fún yín ní owó tí kò tó nǹkan. Ilẹ̀ tí ẹ máa rọ sínú rẹ̀ ló máa ná yín lówó. Omi tí ẹ máa gbé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa gba agbára yín. Bí ẹ kò bá sì mọ ohun tó yẹ kí ẹ gbìn ní oṣù wo, ẹ̀fọ́ tó pọ̀ rẹpẹtẹ lọ́jà náà ni ẹ ó máa gbìn sílé.

Àgbàlá yìí kò ní ilẹ̀ kankan rárá. Lánlọ́ọ̀dù ti da sìmẹ́ńtì sí i láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn kíṣìnnì, nítorí pé koríko ríro ti sú u. N kò bá a jà. Ibi tí kò bá ní koríko, ejò kì í ríbi fara pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ já ewédú fúnra rẹ̀ níbẹ̀, inú nǹkan ló máa ti gbìn ín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìgbà kúrò nílẹ̀. N'Ìbàdàn, àkọ́rọ̀ òjò máa ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹta. Láti oṣù kẹrin, òjò á fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di ìparí oṣù keje. Á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ohun tí gbogbo wa ń pè ní August break, á tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Tó bá fi máa di ìdajì oṣù kọkànlá, ó ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ á sì gba ipò rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé àkọ́rọ̀ ni wọ́n ń dúró dè, wọ́n á wá gbin tẹ̀tẹ̀. Nígbà òjò kẹ̀! Nígbà tí gbúre ń hù lẹ́bàá ọ̀nà láìsí ẹni tó gbìn ín, tí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ Bódìjà ń bẹ èèyàn kó wá ra ìdì méjì kó gba ẹ̀kẹta léènì. Kò yé mi ìdí tí màá fi lo ilẹ̀ tí mo fowó rà láti gbin ohun tí òjò ń gbìn fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ń gbin ẹ̀fọ́, nígbà tí ìdì bá ti kéré tí owó rẹ̀ sì ti gùn sókè. Tẹ̀tẹ̀ kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni: ó ń hù láàárín ọjọ́ mélòó kan, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ ti lè máa fà á tu sínú ìkòkò.

Ata rodo ni tirẹ̀ yí padà. Èyí tó pọ̀ jù nínú tòmátì àti ata tí à ń rà nílẹ̀ Yorùbá, Òkè Ọya ló ti ń wá. Wọ́n máa ń fa omi wọ oko gbìn ín lọ́hùn-ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń dẹ̀ lọ́jà láti oṣù kìíní sí ìkẹta. Tí ìyẹn bá ti ń tán lọ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, owó á fò. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ata wọ́n ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá èso ata tó máa gbìn kiri, ìgbà tí ata bá ti dẹ̀ padà ni tirẹ̀ máa tó so. Ata rodo kì í kánjú: láti ìgbà tí èso bá bọ́ sílẹ̀ títí di ìgbà tí ẹ máa já ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó lè gba oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Nítorí náà, kété lẹ́yìn Kérésì, nínú ọyẹ́ gan-an, ni mo máa ń da èso ata sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò á máa wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Bó bá di oṣù karùn-ún, wọ́n á wá máa rán ọmọ wá tọrọ ata mẹ́ta, ata márùn-ún lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni mo fi ń hu ata. Màá gé e lórí, màá fi ìṣó dá ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀, màá fi asẹ́ àlòkù jọ ilẹ̀ sínú rẹ̀, màá wá fi èso méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú fèrèsé kíṣìnnì ni wọ́n ń wà, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kan wọ́n tí ti ọ̀sán kò sì lè pa wọ́n. Tí ewé rẹ̀ bá ti tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, màá lọ́ ọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bléèdì ni mo fi ń la ọ̀rá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ilẹ̀ inú rẹ̀ má bàa tú, kí gbòǹgbò má sì já. Mo ti rí àwọn tó ń gbé ọ̀rá náà sin mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò á máa yí ara rẹ̀ ká nínú ọ̀rá, ata náà á sì rán.

Ilẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí òun ni kì í hàn nínú fọ́tò. Àwọn tó ń gbẹ́ sọ́kàwéè máa ń fún èèyàn ní ilẹ̀ pupa lọ́fẹ̀ẹ́, èèyàn á sì rò pé oríire ni. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ kòtò kò ní ọ̀rá kankan. Bí òjò bá rọ̀ sí i nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á dì gbagidi. Bí oòrùn bá pa á, ọ̀bẹ kò ní wọ̀ ọ́. Ilẹ̀dú ni mo ń wá, ilẹ̀ òkè tó dúdú, ti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ máńgòrò níbi tí ewé ti ń jẹrà lé ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ tó ń ti báárò ń tà á, owó rẹ̀ kì í sì í wálẹ̀. Báárò ilẹ̀dú méjì, ìdajì báárò iyanrìn, báárò kan ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà: bí mo ṣe ń pò ó nìyẹn.

Ẹ fọkàn sí "tó ti jẹrà" yẹn. Àwọn tó ń sin adìẹ ládùúgbò kì í sábà gbowó ìgbẹ́, bí ẹ bá ṣáà ti gbé àpò tiyín lọ. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tútù máa ń gbóná nínú ilẹ̀, ó máa ń jó gbòǹgbò. Etí ewé ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí i, á gbẹ, á sì ká. Inú àpò ìrẹsì ni mo ń kó o sí. Màá wọ́n omi sí i, màá so ó lẹ́nu, màá fi sí abẹ́ òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì fún bí oṣù kan ààbọ̀ sí méjì. Láti mọ̀ bóyá ó ti tó, màá fi ọ̀rá wé ọwọ́, màá ki í bọ àárín àpò náà títí dé ìgúnpá. Bó bá ṣì ń gbóná, tí òórùn rẹ̀ ń ta mọ́ mi nímú, màá dì í padà. Bó bá ti tutù, tó rọ̀, tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, tó sì jẹ́ pé òórùn ilẹ̀ lásán ni mò ń gbọ́, a lè lò ó.

Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ẹyin àti ìdí ẹ̀fọ́ ń lọ sínú dúrọ́ọ̀mù kan tí ìdí rẹ̀ ti jẹ. Ewé gbígbẹ ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Èèpo nìkan á rùn, á sì kó ìdin. Oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ débẹ̀, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ máa sin eku.

Ibi tí owó ti ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn lọ ni pé tí wọ́n bá ti kórè tán, wọ́n á da ilẹ̀ náà nù, wọ́n ní kò lágbára mọ́. N kì í da ilẹ̀ nù. Nínú oṣù kìíní, tí oòrùn ọ̀sán ń ta bí ọyẹ́ ṣe ń fẹ́, màá tú ilẹ̀ àwọn ike tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ tán sórí sìmẹ́ńtì, màá tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ bí ẹni sá èlùbọ́, màá sì máa yí i padà. Sìmẹ́ńtì lánlọ́ọ̀dù á wá wúlò, torí pé ó máa ń gbóná débi pé ẹsẹ̀ òfìfo kò lè tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án. Ohun tí mò ń lé kúrò ni kòkòrò kan tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí, tó ń gbé inú ilẹ̀. Ó fẹ́ràn ewédú, ṣọkọ, ilá àti tòmátì. Bí ẹ bá rí ṣọkọ tó kọ̀ tí kò dàgbà, ẹ fà á tu kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀; bó bá ta kókó káàkiri, òun ló wà nídìí rẹ̀. Oòrùn àti gbígbẹ ń pa púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe gbogbo wọn, nítorí náà n kì í dá ṣọkọ padà sínú ilẹ̀ yẹn lọ́dún náà. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti gbẹ dáadáa, màá po ìgbẹ́ jíjẹrà tuntun mọ́ ọn pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ eérú kan fún bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ kan náà yẹn ni mo ṣì ń lò láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni mò ń rà kún un.

Ọ̀rọ̀ ike náà kò ṣàì ní tirẹ̀. Àpò ìrẹsì dára fún ìgbà òjò nítorí omi ń gba ara rẹ̀ jáde, gbòǹgbò kì í rà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ọdún kan bá ti ń lọ sópin, ẹ máa rí i tó ń já wẹ́wẹ́ bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, òwú rẹ̀ á sì dàpọ̀ mọ́ ilẹ̀. Mo máa ń tú u kó tó dé ibẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó lò ó. Ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì tó kù sínú rẹ̀ kò bá gbòǹgbò lára mu. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà àti kẹ́ẹ̀gì ló dára jù fún ẹ̀ẹ̀rùn. Ìṣó ńlá tí mo fi sórí iná gáàsì ni mo fi ń lu ihò sí wọn, ibi tí mò ń lù ú sí sì yàtọ̀. Ti òjò, ìdí gan-an ni. Ti ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gbẹ́ ni, ní bí ìwọ̀n ìka méjì sókè ìdí, kí omi díẹ̀ lè máa dúró nísàlẹ̀ tí gbòǹgbò á máa mu títí di ọjọ́ kejì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò ẹ̀gbẹ́ yìí, ẹ má fi sílẹ̀ nínú òjò oṣù kẹfà o, gbòǹgbò á rà. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n bá ti fi ta kẹ́míkà tàbí oògùn apakòkòrò, n kì í fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó mọ́ tó.

Táyà kò wù mí mọ́ fún ohun tí èèyàn ń jẹ tútù. Yàtọ̀ sí pé ó máa ń gbóná janjan lọ́sàn-án, inú rẹ̀ máa ń gba omi òjò dúró, kò sì ní pẹ́ tí tanwíjí á fi kún ibẹ̀. Ewúro àti èfìnrín nìkan ló wà nínú tèmi, ilẹ̀ sì kún inú rẹ̀ dé etí. Àwọn méjèèjì kò ní kí èèyàn máa gbìn wọ́n lọ́dọọdún. Ewúro, ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ kan, ẹ tì í bọ ilẹ̀, ó parí.

Èso ewédú ni mo rí ẹ̀kọ́ gbà lé lórí lọ́wọ́ àgbà. Màmá kan tí wọ́n ń ta ẹ̀fọ́ ní ìkóríta wa wọlé wá gba owó lọ́jọ́ kan, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń múra láti fọ́n èso.

"Ìyàwó, ṣé o ti bọ̀ ọ́?"

"Kí ni, Màmá?"

"Èso ewédú tó wà lọ́wọ́ ẹ. Bí o kò bá bọ̀ ọ́, ẹyọ díẹ̀ ló máa hù, ìyókù á máa sùn nílẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, báwo la ṣe ń bọ̀ ọ́ tí kò ní jinná?"

Wọ́n ní kí n gbé omi kaná kí n mú àkísà tó mọ́ wá. Wọ́n da èso náà sínú aṣọ, wọ́n so ó. Nígbà tí omi hó tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n fi aṣọ náà bọ̀ ọ́, wọ́n ń kà á wúyẹ́wúyẹ́, ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó pé ẹ̀wá, wọ́n fà á yọ, wọ́n sì jù ú sínú omi tútù. "Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọbẹ̀ lo ń sè yẹn." A tẹ́ ẹ sórí àwo kó gbẹ díẹ̀, a po ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó má bàa wọ́ jọ sójú kan nígbà tí a bá ń fọ́n ọn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo ojú bàsíà fi tutù. Bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké e, n kì í fà á tu. Bí a bá ké e tí a fi díẹ̀ sílẹ̀ lókè ilẹ̀, á tún yọ ọwọ́.

Omi ẹ̀ẹ̀rùn, iṣẹ́ ni. Kànga wa máa ń lọ sílẹ̀ nínú oṣù kejì débi pé okùn tí à ń lò tẹ́lẹ̀ kì í tó mọ́. Omi tí mo fi fọ ìrẹsì, omi tí mo fi bó ẹ̀wà, omi tí mo fi ṣan ẹ̀fọ́, kò sí èyí tó ń lọ sí gọ́tà nílé mi lásìkò yẹn. Omi tó ní ìyọ̀ tàbí ọṣẹ nìkan ni n kì í lò. Ike omi tí wọ́n mu tán, màá fi abẹ́rẹ́ dá ìdérí rẹ̀ lu, màá gé ìdí rẹ̀, màá kì í lórí bọ ẹ̀gbẹ́ ata, kó máa kán tó tó tó sí gbòǹgbò. Háhá àgbàdo àti ewé gbígbẹ ni mo ń fi bo ojú ilẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti dán wò, bíbo ojú ilẹ̀ yìí ló dín omi gbígbé kù jù, kò sì gba kọ́bọ̀. Tí oòrùn bá wá le jù, kọ́tìnnì àlòkù tó fẹ́lẹ́ ni mo ń ta lé ẹ̀fọ́ lórí. Àwọn kan ń lo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àtijọ́. Nẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ń pín ní oògùn apakòkòrò lára, n kò sì fẹ́ ẹ lórí ohun tí àwọn ọmọ mi máa jẹ.

Ìgbà òjò kò ní wàhálà omi, tiẹ̀ ni pé omi ti pọ̀ jù. Ẹ má to ike sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Omi tó ń já láti orí páànù máa ń gbẹ́ ilẹ̀ jáde, ó sì máa ń ta ẹrẹ̀ sára ewé. Ibi tí ẹrẹ̀ bá ti ta sí lára tòmátì ni àmì dúdú ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tòmátì àti òjò oṣù kẹfà kò tiẹ̀ bára mu rárá. Ìgbà August break ni mo ń lọ́ tèmi, kó lè jẹ́ pé ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ló máa so.

Ti kòkòrò kò le púpọ̀ nínú ike. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, tata dúdú tó ní àmì yẹ́lò máa ń dé ní agbo. Àárọ̀ kùtùkùtù, tí òtútù ṣì mú wọn, ni mo ń fi ọwọ́ kó wọn. Fún àwọn tó ń fa omi ewé mu, mo máa ń gún ewé dóńgóyárò, màá rẹ ẹ́ mọ́jú, màá sẹ́ ẹ, màá po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, màá wọ́n ọn sí abẹ́ ewé nírọ̀lẹ́. Ewúrẹ́ aládùúgbò ni kò ní oògùn. Géètì títì ló wà fún un.

Ó ku èso. Èso ṣọkọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀, NIHORT ní Ìdí-Iṣin ni mo ti rà á, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa ẹ̀fọ́ àti èso tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi ọ̀pá kan tàbí méjì tó dára jù sílẹ̀ láìké, ti ṣọkọ, ti tẹ̀tẹ̀, ti ewédú, kí wọ́n gbó kí wọ́n sì gbẹ lórí ìdúró. Ike kékeré tí wọ́n fi ń ta oògùn ni mo ń kó èso wọn sí pẹ̀lú eérú gbígbẹ díẹ̀, màá sì kọ orúkọ àti oṣù sí i lára, nítorí èso tẹ̀tẹ̀ àti ti ṣọkọ jọra, wẹ́wẹ́ ni méjèèjì, dúdú dídán sì ni. Màmá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti ní kí n fi ti ewédú pamọ́ fún àwọn de àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀. Mo ní kò burú, ma, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá mi bá ọmọ wọn tó ń sin adìẹ sọ̀rọ̀, àpò méjì péré ni mo fẹ́.